Ìsọdọ̀tun Bíráósà gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Ààbò fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbègbè Ẹnubodè Yewa

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n ka ìsọdọ̀tun bíráósà sí ohun tí ń jẹ dátà lásán. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ohun tí ìsọdọ̀tun náà ń ṣe ní ti gidi, ìdí tí ewu fi máa ń pọ̀ sí i fún ẹni tí kò ṣe é lẹ́yìn tí àtúnṣe bá ti jáde, àti bí a ṣe lè ṣe é ní agbègbè tí iná, epo àti dátà kò ti rọrùn. Agbègbè Ìlaro àti Ayétòrò ni a ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n a mú àpẹẹrẹ wá láti ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá wọ yàrá kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ìbáà jẹ́ ti girama tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò ní pẹ́ rí ohun kan tí ó wọ́pọ̀. Àkíyèsí kékeré kan a yọ sí igun ojú ẹ̀rọ, yóò ní ẹ̀dà tuntun ti jáde fún bíráósà, kí a jẹ́ kí òun gbé e sórí ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ti ẹ̀rọ náà kò ní kà á parí kí ó tó tẹ ibi tí a kọ Later sí, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn náà kì í sábà dé.

A kò gbọdọ̀ yára dá akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́bi. Àpò ara rẹ̀ ni owó dátà ti jáde. Iná lè lọ nígbàkígbà, iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ sì wà lójú ẹ̀rọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ti sọ fún un pé update, bí wọ́n ti ń pè é, a máa mú kí ẹ̀rọ lọ́ra. Ní ìwọ̀n ohun tí ó mọ̀, ìpinnu rẹ̀ bá ọgbọ́n mu. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi kún ohun tí ó mọ̀, nítorí pé ẹni náà ni yóò dúró níwájú kíláàsì ní ọ̀la, ohun tí ó bá sì ṣe ní ojú àwọn ọmọ ni wọn yóò máa ṣe.

Bíráósà àti Ẹnubodè Kétu

Bíráósà ni ètò inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí a fi ń wo ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ń pè é ní aṣàwákiri, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó wà lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó lò níhìn-ín. Chrome, Firefox, Edge, Safari àti Opera ni ó wọ́pọ̀ jù. Nígbà tí Tim Berners-Lee kọ èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ nínú wọn ní ilé ìwádìí CERN ní ọdún 1990, ọ̀rọ̀ kíkà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fi ń wò. Ní ọdún 1993 ni Mosaic mú kí àwòrán máa fara hàn láàárín ọ̀rọ̀. Ọdún 1995 ni JavaScript dé, láti ìgbà náà sì ni ojú-ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti jẹ́ ìwé lásán mọ́. Ètò-iṣẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìkànnì kan, ṣe ni a ń gba iṣẹ́ tí àlejò kọ wọ inú ẹ̀rọ wa, tí a sì ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa ṣe ohun tí a rán an.

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí á wo ohun kan tí kò jìnnà sí wa. Bí a bá gba Ìmẹ̀kọ kọjá ààlà, a ó dé Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ẹnubodè àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà wà títí di òní. Ilẹ̀kùn méjì ni ẹnubodè náà ní, àyè sì wà láàárín wọn. Àlejò tí ó bá ti ẹ̀yìn odi dé yóò gba ilẹ̀kùn ìta wọlé, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ìlú. Àárín ilẹ̀kùn méjì ni ó wà, ibẹ̀ ni wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ṣí ti inú fún un.

Báyìí gan-an ni wọ́n ṣe kọ́ bíráósà òde òní. Nígbà tí Chrome jáde ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi polówó rẹ̀ ni pé ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣiṣẹ́ nínú àyè tirẹ̀ tí a ti há mọ́, tí kò ní lè fọwọ́ kan àwọn fáìlì inú ẹ̀rọ. Àyè àárín ilẹ̀kùn méjì ni èyí. Ọlọ́ṣà tí ó bá fẹ́ wọ inú ilé ní láti rí ihò kan lára ilẹ̀kùn ìta, kí ó tún wá òmíràn lára ti inú. Ó ṣòro, àmọ́ kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Kétu pẹ̀lú gbogbo agbára ẹnubodè rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ní ọdún 1886 lẹ́yìn tí wọ́n dó tì í.

Bí Ògiri Ṣe Ń Lanu

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń béèrè ni pé: kí ló dé tí ògiri tí àwọn ọ̀mọ̀ràn mọ yóò fi lanu? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìlà àṣẹ ni ó wà nínú bíráósà kan ṣoṣo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ti fọwọ́ kàn án, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń fi nǹkan kún un. Àṣìṣe ń bẹ nínú rẹ̀ bí àṣìṣe ti í wà nínú ìwé tí a tẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àṣìṣe inú ìwé kì í gba olè wọlé.

Àléébù tí ó jáde ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 yóò fi bí ọ̀rọ̀ náà ti rí hàn wá. Ètò kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa tú àwòrán onírúurú WebP fún wíwò lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ bíráósà ni wọ́n gba ètò yìí, tí wọ́n fi kún tiwọn. Wọ́n wá ṣàkíyèsí pé bí ẹnìkan bá ṣe àwòrán kan lọ́nà àrékérekè, ètò náà yóò kọ nǹkan kọjá ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìrántí ẹ̀rọ, ẹni tí ó ṣe àwòrán náà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pàṣẹ fún bíráósà. Kò dìgbà tí a bá tẹ ohunkóhun. Kí àwòrán ṣáà ti hàn ni. Ilé-iṣẹ́ Apple àti Citizen Lab ti Yunifásítì Toronto ni wọ́n ta Google lólobó. Google fi àtúnṣe síta ní ọjọ́ 11, oṣù náà, Firefox sì fi tirẹ̀ síta ní ọjọ́ kejì. Edge àti àwọn mìíràn náà ní láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé amọ̀ kan náà ni gbogbo wọn fi mọ ògiri wọn.

Irú rẹ̀ ti wáyé ṣáájú. Ní ọjọ́ 12, Oṣù Kìíní ọdún 2010, Google kéde pé àwọn kan ti jalẹ̀kùn wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ wọn àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n rí i pé ihò kan lára Internet Explorer wà lára ibi tí wọ́n gbà wọlé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ ìjọba Jámánì àti ti Faransé tí ọ̀rọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà wà níkàáwọ́ wọn gba àwọn ará ìlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo bíráósà mìíràn títí àtúnṣe yóò fi dé. Ọjọ́ 21, oṣù náà ni Microsoft tó fi àtúnṣe síta. Ẹ wo ọjọ́ tí ó wà láàárín ọjọ́ 12 àti ọjọ́ 21: àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ihò wà, tí kò sì sí ohun tí a ó fi dí i. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ń lo ẹ̀rọ. Àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí Àtúnṣe Bá Jáde

Ibí ni a fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àtúnṣe bá ti jáde, ewu ti dínkù fún gbogbo ayé, pé ẹni tí kò tíì gba tirẹ̀ kàn wà ní ipò tí ó wà lánàá ni. Èrò yìí kò tọ̀nà. Kí àtúnṣe tó jáde, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó mọ ihò náà. Ọjọ́ tí ó bá jáde ni àṣírí tú. Àwọn oníṣẹ́ ibi yóò gba ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun, wọn yóò gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn yóò sì wo ohun tí ó yàtọ̀. Ibi tí ó yàtọ̀ náà ni ihò wà. Àtúnṣe tí ó dáàbò bo ẹni tí ó gbà á ni ó tún ń fi ibi tí a lè gbà wọlé han ẹni tí ó fẹ́ wọ ilé ẹni tí kò gbà á. Nítorí náà, ẹni tí ó tẹ Later kò dúró sójú kan. Ewu rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àná lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lórí èyí kì í ṣe ti bíráósà, ti Windows ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àtúnṣe kan síta. Ní ọjọ́ 12, Oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò tí àtúnṣe náà ti dí wọlé, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ó lé ní ẹ̀rọ 200,000 ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150 tí ó bà jẹ́. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti dá àwọn aláìsàn padà. Nǹkan bí oṣù méjì ni oògùn ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé.

Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe bíráósà fi ń sáré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni Chrome fi ń mú ẹ̀dà tuntun jáde láti ọdún 2010. Ní ọdún 2021 wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Láti Oṣù Kẹjọ ọdún 2023, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ààbò síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ dín àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí àṣírí bá tú àti ìgbà tí àtúnṣe bá dé ọwọ́ àwọn ènìyàn kù. Ẹni tí ó bá rí i pé àkíyèsí ń yọ lemọ́lemọ́, tí ó sì rò pé ṣe ni wọ́n fẹ́ máa jẹ dátà òun, ẹ jẹ́ kí á fi èyí yé e.

Ẹ̀rọ Tòkunbọ̀ àti Ẹ̀dà tí Ọjọ́ ti Kọjá Lórí Rẹ̀

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ní agbègbè wa ni irú ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ wa. Tòkunbọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó wọ ọjà Alábà tàbí Ìkẹjà, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àjọ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí èyí ní Èkó ní ọdún 2005. Wọ́n ní nǹkan bí kọ̀ǹténà 500 ni ó ń wọlé lóṣooṣù, àti pé àwọn oníṣòwò Èkó fúnra wọn sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà lè má ṣeé tà tàbí kí ó má ṣeé tún ṣe. Èyí tí ó ṣiṣẹ́ nínú wọn, ètò àtijọ́ ni ó sábà wà lórí rẹ̀.

Kò sí ìsọdọ̀tun bíráósà tí ó lè pẹ́ lórí ètò àtijọ́. Ọjọ́ 8, Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ṣíwọ́ àbójútó Windows XP. Ọdún 2016 ni Chrome kẹ̀yìn sí i, Firefox náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2018. Ọjọ́ 14, Oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ti Windows 7. Chrome ẹ̀dà 109, tí ó jáde ní ọdún 2023, ni ó kẹ́yìn fún un. Àwọn oní-Firefox tilẹ̀ ṣàánú: wọ́n dá ẹ̀dà 115 sí fún àwọn oní-Windows 7, wọ́n sì sún ọjọ́ òpin rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ti Windows 10 pé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi àyè ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, àwọn bíráósà kò sì kẹ̀yìn sí i lọ́jọ́ náà. Ní ti Internet Explorer fúnra rẹ̀, ọjọ́ 15, Oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni wọ́n sin ín. Lójú tiwa, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè irú ètò tí ẹ̀rọ náà lè gbé kí ó tó béèrè iye owó. Èyí tí kò bá lè gbé Windows tuntun lè gbé Linux tí kò wúwo, kí Firefox tuntun sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a ti kó sínú yàrá ẹrù ni èyí lè jí dìde.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń ràn án lọ́wọ́ láti rántí ọjọ́. Bí bátìrì yìí bá kú, tí iná sì lọ, ẹ̀rọ yóò máa rò pé ọdún 2002 tàbí irú rẹ̀ ni a wà. Bíráósà yóò wo ìwé-ẹ̀rí tí ìkànnì fi ń sọ ẹni tí òun jẹ́, yóò rí i pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, yóò sì kìlọ̀ pé ewu wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti rí ìkìlọ̀ yìí nígbà ogún, tí kò sì sí ewu kankan níbẹ̀, yóò kọ́ láti máa tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ọjọ́ tí ewu gidi bá dé, yóò tẹ̀ ẹ́ kọjá pẹ̀lú. Bátìrì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan ni ó kọ́ ọ ní ìwà yẹn. Ẹ̀dà àtijọ́ náà lè fa irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 30, Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọjọ́ tán lórí ìwé-ẹ̀rí kan tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkànnì gbára lé, àwọn ẹ̀rọ tí wọn kò tíì sọ dọ̀tun láti ìgbà pípẹ́ kò sì lè ṣí wọn mọ́.

Ní ilé-ẹ̀kọ́, ó yẹ kí á dárúkọ Deep Freeze. Ọ̀pọ̀ yàrá kọ̀ǹpútà àti sáíbà-kaféè ni ó ń lò ó kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ba ẹ̀rọ jẹ́: bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, tí wọ́n tún un tàn, ohun gbogbo yóò padà sí bí ó ti wà. Ó dára, ṣùgbọ́n ìsọdọ̀tun pẹ̀lú wà lára ohun gbogbo. Bíráósà yóò gba ẹ̀dà tuntun láàárọ̀, wọn yóò pa ẹ̀rọ lálẹ́, ẹ̀dà àtijọ́ yóò sì tún jí ní ọjọ́ kejì. Dátà lọ, ààbò kò dé. Ẹni tí ń bójú tó yàrá náà gbọ́dọ̀ tú ìdè yìí ní ọjọ́ tí ó bá yàn, kí ó sọ ẹ̀rọ dọ̀tun, kí ó tó tún un dè.

Fún àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá, èrè mìíràn wà nínú ètò tuntun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti ààbò. Ẹ àti ọ tí ó gbé àmì ohùn lórí kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode. Lẹ́tà ni a máa ń tò mọ́ àmì. Ètò àtijọ́ kì í mọ bí a ti ń tò wọ́n, ìdí nìyẹn tí àpótí òfìfo fi máa ń gba ojú-ìwé Yorùbá kan lórí ẹ̀rọ kan, tí ó sì ń hàn kedere lórí òmíràn.

Dátà, Iná àti Epo

A kì í sọ̀rọ̀ ààbò fún ẹni tí kò ní iná. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ti ẹnubodè orí ilẹ̀, àjọ Kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí ilé epo èyíkéyìí tí kò ju kìlómítà 20 lọ sí ààlà. Ẹni tí ó ń gbé ní apá Ìdìrókò tàbí Ìlárá nígbà náà mọ ohun tí èyí ṣe sí jẹnẹrétọ̀. Ní ọjọ́ 14, Oṣù Kẹta ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá já ní ẹ̀bá Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì fà sẹ́yìn ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ètò ìsọdọ̀tun tí kò bá fi irú ọjọ́ wọ̀nyí ṣe ìṣirò, ti orí ìwé ni.

Síbẹ̀, ìṣirò tí àwọn ènìyàn ń ṣe lórí dátà kò pé. Bíráósà kì í sábà gba odindi ẹ̀dà tuntun. Ohun tí ó yàtọ̀ nìkan ni ó ń gbà. Ní ọdún 2009, Google ṣe àlàyé ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní Courgette: odindi ẹ̀dà kan tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10, ọ̀nà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ láti fi ìyàtọ̀ nìkan ránṣẹ́ sọ ọ́ di nǹkan bí kìlóbáìtì 700, Courgette sọ ọ́ di ohun tí kò tó kìlóbáìtì 80. Odindi Chrome ti òní ti kọjá mẹ́gábáìtì 100. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kékeré yìí, ẹni tí ẹ̀dà rẹ̀ kò tíì pẹ́ ni ó sábà wà fún. Ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́fà tẹ Later yóò gba odindi. Nípa báyìí, ẹni tí ó ń sá fún ìná dátà gan-an ni ó ń kó gbèsè dátà jọ.

Bí ẹ̀rọ bá pọ̀ ní yàrá kan, kò sí ìdí tí gbogbo wọn yóò fi lọ síta. Ẹ̀rọ kan lè gba odindi ẹ̀dà láti ìkànnì ẹni tí ó ṣe é, kí a fi fúláàṣì pín in fún ìyókù. Windows 10 àti 11 ní ètò kan tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan gba ìsọdọ̀tun Windows lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní yàrá kan náà. Inú Settings, ní ibi tí a kọ Delivery Optimization sí, ni a ti ń tàn án. Dátà òru tí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ń tà ní ẹ̀dínwó náà wúlò fún ẹni tí bátìrì rẹ̀ lè gbé e di òru.

Lórí fóònù, ohun kan wà tí a rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí. Play Store, bí a kò bá yí i padà, Wi-Fi nìkan ni ó fi ń sọ nǹkan dọ̀tun fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní Wi-Fi nílé, tí kò sì ní i níbi iṣẹ́, lè lo fóònù rẹ̀ fún ọdún kan kí Chrome orí rẹ̀ má gba ìsọdọ̀tun kan, láìṣe pé ó kọ̀ ọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó lè yí ètò náà padà, tàbí kí ó máa wọ Play Store fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ó sì sọ Chrome pẹ̀lú Android System WebView nìkan dọ̀tun, kí ó fi àwọn eré àti ìyókù sílẹ̀. WebView yìí ni ọ̀pọ̀ áàpù fi ń ṣí ìkànnì láìjáde kúrò nínú ara wọn. Ní ti Opera Mini, tí ó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí pé ó ń dín dátà kù: nígbà tí ó bá ń dín in kù dé góńgó, ẹ̀rọ àwọn oní-Opera ni ó ń bá wa ka ojú-ìwé, tí ó ń fún un pọ̀, kí ó tó fi ránṣẹ́. Ó dára fún ìròyìn kíkà. A kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ibẹ̀ wọ àkáǹtì báǹkì rẹ̀.

Ìsọdọ̀tun Èké

Àwọn gbájúẹ̀ pẹ̀lú mọ̀ pé a ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti sọ bíráósà dọ̀tun. Wọn a wọ inú ìkànnì tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀, wọn a gbé àwòrán kan síwájú ẹni tí ó bá ṣí i, tí ó jọ ti Chrome tàbí Firefox, tí yóò ní: bíráósà rẹ ti gbó, tẹ ibí. Ohun tí yóò wọlé kì í ṣe bíráósà. Ìyàtọ̀ tí a lè kọ́ ọmọ kíláàsì kéékèèké pàápàá ni pé àtúnṣe gidi kì í ti inú ojú-ìwé wá. Ara bíráósà fúnra rẹ̀ ni ó ti ń wá, ní igun òkè, lẹ́yìn òde ojú-ìwé tí à ń kà, tàbí láti Play Store. Bí ó bá ti wà láàárín ojú-ìwé, kí a pa ojú-ìwé náà dé.

Àwọn àfikún tí a ń so mọ́ bíráósà náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ẹ̀ka ààbò kọ̀ǹpútà ti àjọ NCC, tí ń ṣe àkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú nípa àfikún Chrome márùn-ún tí ó ń ṣọ́ ìkànnì tí àwọn ènìyàn ń lọ. Ó lé ní ìgbà mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ ogún tí wọ́n ti gbé wọn sórí ẹ̀rọ káàkiri ayé. Bíráósà tí ó jẹ́ tuntun pátápátá kò lè gba ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀.

Ta ni Yóò Ṣe É?

Ọdún 2025 fi ìdí tí ìbéèrè yìí fi ṣe pàtàkì hàn wá ní Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti sáfà ìdánwò ni, kì í ṣe ti bíráósà. Àjọ JAMB ṣe àyípadà sí bí ìdánwò UTME ti ọdún náà yóò ṣe máa lọ, àyípadà náà sì béèrè pé kí wọ́n fi àtúnṣe sí orí gbogbo sáfà. Wọ́n fi í sí apá kan. Wọn kò fi í sí èyí tí ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-oòrùn Gúúsù. Ní ọjọ́ 14, Oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèédé tí ń darí àjọ náà fi omijé bẹ orílẹ̀-èdè: akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó ìdánwò 157 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Àtúnṣe ti wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dé ibi gbogbo kí àwọn ọmọ tó jókòó.

Ní yàrá kọ̀ǹpútà tiwa, a dábàá pé kí iṣẹ́ yìí ní ẹnìkan tí a dárúkọ, kí ó má ṣe jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kí ó ní ìwé kan tí ó kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí, ẹ̀dà bíráósà tí ó wà lórí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí Chrome, àmì tóótòòtó mẹ́ta tí ó wà ní igun òkè ni a ó tẹ̀, kí a wọ Help, kí a tẹ About Google Chrome. Lórí Firefox, Help náà ni, About Firefox sì ni a ó tẹ̀. Bí a bá ti ṣí ibẹ̀, bíráósà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó wà lórí rẹ̀ yóò sì hàn. Lẹ́yìn èyí ni kí a pa á, kí a tún un ṣí, nítorí pé ẹ̀dà tuntun tí ó ti wọlé kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí ọjọ́ rẹ̀ nínú ìwé náà bá ti lé ní oṣù kan ni kí a kọ́kọ́ tàn ní ọjọ́ tí iná bá dé.